Ìdánwò Tó Ń Ṣọ́ Owó Ọjà

Ní Ọjà Balógun, ní Erékùṣù Èkó, òǹtajà kì í gbé aṣọ lé oníbàárà lọ́wọ́ títí àlẹ́ẹ̀tì báńkì yóò fi wọlé. Àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí àlẹ́ẹ̀tì yẹn gbára lé ni mo fẹ́ yìn, pàápàá àwọn tó mọ ìdánwò kéékèèké í ṣe, ìyẹn ìdánwò tó ń yẹ ẹyọ apá kan kóòdù wò.

Ẹ wo owó tí báńkì ń yọ lórí tiráńsífà. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2020, ìlànà Báńkì Àpapọ̀ fi í sí ₦10 bí owó kò bá ju ₦5,000 lọ, ₦25 títí dé ₦50,000, ₦50 bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀jáfáfá kò ní fi ₦3,000 nìkan dán kóòdù tó ń ṣírò rẹ̀ wò. Ẹnu ààlà ló ń lọ: ₦5,000, ₦5,001, ₦50,000, ₦50,001. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ń sá pamọ́ sí. Á kó wọn sójú kan, á ya àwọn ìdánwò tó ń kan dátábéèsì sọ́tọ̀, torí wọ́n ń falẹ̀. Àwọn kéékèèké gbọ́dọ̀ yá, kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan kóòdù.

Ìròyìn àbájáde ló wù mí jù. “Ìdánwò kan kùnà” kò tó. “₦5,001: ₦25 là ń retí, ₦10 la rí”: ẹni tí wọ́n jí lóru yóò mọ ibi tí yóò tún ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìdánwò tó ń jẹ́ “test1” sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín.