Ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́rìí: Àtúnyẹ̀wò Èrò pé Òrìṣà Obìnrin ni Ilẹ̀ láàrin Àwọn Yorùbá

Ìfáárà

Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn olùkọ́ ń kọ lórí ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá, gbólóhùn kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sábà yẹ̀ wò: pé òrìṣà obìnrin ni Ilẹ̀, pé òun ni ìyá gbogbo ẹ̀dá. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àfikún kan tún ti dé bá a, èyí ni pé ohun tí àwọn onísáyẹ́ǹsì òkè òkun ń pè ní Gaia kò ju ohun tí àwọn baba ńlá Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó sì ń mú orí ẹni wú. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó ń bi í léèrè.

Bí a bá bi í léèrè, ohun tí èdè, ìtàn ìlú àti àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí ni pé ẹlẹ́rìí ni Yorùbá kọ́kọ́ mọ Ilẹ̀ sí, ẹlẹ́rìí tó tún ń dá ẹjọ́. Ipò ìyá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ipò ẹlẹ́rìí ni ó ń tọ̀.

Mímu Ilẹ̀ àti Dída Ilẹ̀

Bí ọ̀rẹ́ bá tú àṣírí ọ̀rẹ́, ọ̀dàlẹ̀ ni wọn yóò pè é. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ìjọ tàbí Mùsùlùmí tí kò mọ ọ̀nà ilédì rárá. Síbẹ̀, bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, ilẹ̀ ni ó wà nídìí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nídìí ìmùlẹ̀. Nígbà tí ẹni méjì bá fẹ́ mulẹ̀ nígbà àtijọ́, wọn a gbẹ́ ihò kékeré sílẹ̀, wọn a bu omi sí i, wọn a mú obì, wọn a sọ ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, wọn a sì mu nínú omi náà. Nínú gbogbo ètò yìí, kò sí ẹni tó bẹ Ilẹ̀ pé kí ó fún òun lọ́mọ tàbí kí ó jẹ́ kí iṣu òun ta. Ohun tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ó gbọ́, kí ó sì rántí.

Òwe tó sọ pé ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ fi èyí hàn ju àlàyé èyíkéyìí lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilẹ̀ wọ inú òwe náà. Lákọ̀ọ́kọ́, òun ni wọ́n dà. Lẹ́ẹ̀kejì, òun ni ó mú ọ̀dàlẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n hùwà àìdáa sí gan-an kò tilẹ̀ sí nínú gbólóhùn náà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn ṣẹ ẹnìkejì rẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ̀ sí Ilẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ ni wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀.

Àwọn ará Àkúrẹ́ fún ìbúra ní ààyè tirẹ̀ nínú ilé ọba. Àgbàlá tó wà nínú ààfin Dèjì lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, oníkálukú sì ní iṣẹ́ tirẹ̀: Uà Ìkómọ wà fún ìsọmọlórúkọ, Uà Ubúra sì wà fún ìbúra nìkan. Ìlú tó bá ya odidi àgbàlá kan sọ́tọ̀ nítorí ìbúra kò ka ọ̀rọ̀ ẹnu sí afẹ́fẹ́ lásán. Ó gbà pé ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ ń balẹ̀ sí.

Àmì Kan lábẹ́ Lẹ́tà E

Nínú àwọn tó kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí, Peter Morton-Williams ni ó fìdí èrò òrìṣà obìnrin múlẹ̀ jù. Ní 1960 ó kọ̀wé lórí Ògbóni ní Ọ̀yọ́. Ní 1964 ó to ayé Yorùbá sí ìpele: ó fi Ọlọ́run sókè, ó fi Onílẹ̀, tó pè ní òrìṣà obìnrin, sísàlẹ̀, ó wá fi ilé ayé sáàrin. Ìtò yìí mọ́ lójú, ó sì rọrùn láti yà sójú pátákó ìkọ̀wé. Ní 1989, Henry Drewal takò ó. Lójú tirẹ̀, ère tí wọ́n ń pè ní Onile nínú ilédì kì í ṣe Onílẹ̀ rárá; Onílé ni, ẹni tó ni ilé. Nígbà tó di 1995, Babatunde Lawal dá sí ọ̀rọ̀ náà, ó sì dúró lórí i pé Ilẹ̀ gan-an ni àwọn Ògbóni ń bọ, àti pé ìyá ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tó bá rí i pé àmì ohùn kan àti àmì kan lábẹ́ e ni odidi òrìṣà gbé ara lé. Ìwé tó bá kọ Onile láìsí àmì ti sin ìbéèrè náà kí ó tó dáhùn rẹ̀. Ẹ̀ka-èdè pàápàá kò yí i padà: ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, níbi tí u ti ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ulé ni ulé, ulẹ̀ ni ulẹ̀. Olùkọ́ tí àwọn ọmọ ń bi ní ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ kọ́ àmì ohùn lè fi èyí ṣe àpẹẹrẹ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ Lawal lágbára. Àwọn Ògbóni a máa pe ara wọn ní ọmọ ìyá, wọn a sì máa sọ̀rọ̀ ọmú ìyá tó dùn. Ẹni tó bá ní kò sí ìyá nínú ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo iṣẹ́ tí ìyá náà ń ṣe. Morton-Williams fúnra rẹ̀ jẹ́ kó di mímọ̀ pé bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ sì kán sílẹ̀, ọwọ́ Ògbóni ni ẹjọ́ náà ń bọ́ sí. Kì í ṣe igbe ẹni tó farapa ni ó gbé wọn dìde, bí kò ṣe ẹ̀jẹ̀ tó kan ilẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá kò gbọdọ̀ ta ẹ̀jẹ̀ ara wọn sílẹ̀ lójú ìyá. Ìyá tó ń wo ọmọ lójú ni ìyá yìí, ó sì ń bá ọmọ wí. Ọ̀rọ̀ wọn pé Ògbóni méjì, ó di ẹ̀ta, bá èyí mu. Ẹni kẹta tó wà láàrin àwọn méjì kò bí wọn níbẹ̀. Ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni. Edan pẹ̀lú, akọ àti abo tí ẹ̀wọ̀n so pọ̀ lórí, kò dúró lórí obìnrin nìkan.

Ọkùnrin ni tàbí Obìnrin?

Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ "ó" kì í ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo. Nítorí náà Yorùbá lè sọ̀rọ̀ Ilẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ láìsọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá di Gẹ̀ẹ́sì ni òǹkọ̀wé ní láti yan ọ̀kan. Àpẹẹrẹ kan wà tí àwọn tó ń pe Ilẹ̀ ní ìyá kì í sábà dárúkọ. Ní apá ìparí The Palm-Wine Drinkard (1952), Amos Tutuola sọ ìtàn ìjà Ilẹ̀ àti Ọ̀run lórí eku kan ṣoṣo tí wọ́n rí pa nígbà tí wọ́n jọ lọ ṣọdẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti gbọ́ ìtàn náà nílé kí wọ́n tó rí i nínú ìwé. Ọ̀run bínú, òjò kọ̀, ìyàn mú. Nínú Gẹ̀ẹ́sì Tutuola, ọkùnrin ni Ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ Ọ̀run ni, wọ́n sì jọ gbé ọrun àti ọfà ni. Morton-Williams yan obìnrin, Tutuola yan ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ èdè kan náà ni àwọn méjèèjì gbé kalẹ̀ fún ayé. Ìpinnu olùtúmọ̀ ni èyí jẹ́ kí ó tó di ìgbàgbọ́ Yorùbá, lámèyítọ́ kò sì gbọdọ̀ ka ọ̀kan sí èkejì.

Bí ìlú kan bá wà tó yẹ kí ó sọ Ilẹ̀ di obìnrin, Oǹdó ni. Obìnrin ni Púpùpú tí ìtàn wọn ní ó kọ́kọ́ jẹ Òṣemàwé, oyè Lóbùn sì jẹ́ oyè ńlá fún obìnrin níbẹ̀. Síbẹ̀, ìtàn ìtẹ̀dó wọn kò pe Ilẹ̀ ní ìyá. Ohun tó sọ ni pé Ifá pàṣẹ fún àwọn tó ń wá ibùdó pé kí wọ́n máa fi igi iṣu gún ilẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ. Ibi tí igi náà bá ti kọ̀ tí kò wọlẹ̀, kí wọ́n dó síbẹ̀. Títí wọ́n fi rìn jìnnà ni ilẹ̀ ń gbà á. Nígbà tó yá, ó kọ̀. Wọ́n ní inú igbe tí wọ́n ké nígbà tí ẹ̀dó, ìyẹn igi náà, kò wọlẹ̀ mọ́ ni orúkọ Oǹdó ti jáde.

Ẹnìkan lè sọ pé Ifá ni ó sọ̀rọ̀ nínú ìtàn yìí, pé àmì lásán ni ilẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n Ifá kò dárúkọ ibi tí wọn yóò dó sí. Ó fi ìpinnu náà sílẹ̀ fún ilẹ̀. Ẹni tó bá sì ń wá abiyamọ tó ń bọ́ ọmọ nínú ìtàn yóò retí pé ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀ fún iṣu ni wọn yóò tẹ̀dó sí. Ibi tó ti le ni wọ́n yàn.

Kì í ṣe pé àwọn ará agbègbè yìí kò mọ bí wọ́n ti í bọ òrìṣà obìnrin. Ní Ìdànrè, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, Ọ̀rọ̀sùn ní òkè tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó sì ní ọdún tí wọ́n ń ṣe fún un. Ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ sọ pé obìnrin ni, wọ́n a sọ ọ́.

Ilẹ̀ àti Gaia

James Lovelock, onísáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 2022, àti Lynn Margulis ará Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé èrò Gaia kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, tí ìwé Lovelock lórí rẹ̀ sì jáde ní 1979. William Golding òǹkọ̀wé ni ó bá wọn fi orúkọ òrìṣà ilẹ̀ àwọn Gíríìkì sọ ọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn ohun abẹ̀mí, afẹ́fẹ́, òkun àti àpáta jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ débi pé ooru ayé àti èròjà inú afẹ́fẹ́ kò kọjá ohun tí ẹ̀mí lè gbà, gẹ́gẹ́ bí ara ènìyàn ti ń ṣe ìtọ́jú ooru ara rẹ̀. Èrò ńlá ni.

A kò lè sọ pé Yorùbá kò mọ Ilẹ̀ ní ohun tó lára. Orúkọ oríkì tí wọ́n fún un, Ọ̀gẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, fún un ní orí àti irun, ó sì sọ ọkọ́ àgbẹ̀ di ìyàrun. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè ń ṣe irun fún ẹnìkan. (Kò dájú pé orúkọ náà lè gba katapílà mọ́ra.) Ibi tí ọ̀nà ti pín ni ti etí. Gaia ti Lovelock kò ní etí. Kò sí ohun tó kàn án bóyá ẹni méjì tó ń gbé orí rẹ̀ mú àdéhùn ṣẹ tàbí wọ́n yẹ̀ ẹ́. Èéfín lè dà á láàmú. Irọ́ kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ní ti Ilẹ̀ Yorùbá, irọ́ àti ìtàjẹ̀sílẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń bí i nínú. Ó tún yàtọ̀ sí Pachamama, ìyá ilẹ̀ tí òfin ilẹ̀ Ecuador fún ní ẹ̀tọ́ ní 2008. Níbẹ̀, ilẹ̀ di olùpẹjọ́ tí ènìyàn ń gbẹjọ́ rò fún. Níbí, ènìyàn ni ó wà níwájú ilẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí kan olùkọ́ gan-an. Olùkọ́ tó bá sọ fún àwọn ọmọ pé ìyá ni ilẹ̀, kí wọ́n má bà á jẹ́, kò ṣe ohun tó burú. Ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ kí ìbéèrè tó le jù bọ́ lọ́wọ́ wọn: ta ni ó bá ta ni ṣe àdéhùn lórí igbó tí wọ́n gé, ta ni ó sì yẹ̀ ẹ́? Ọmọ lè ṣẹ ìyá kí ìyá sì foríjì í láàárọ̀ ọjọ́ kejì. A kò lè fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ẹlẹ́rìí ṣeré. Bí ẹ̀kọ́ náà bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀dàlẹ̀ àti ìmùlẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu àwọn ọmọ náà tẹ́lẹ̀, wọn yóò tètè rí i pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ òtítọ́ kò ṣeé yà nípá.

Láti 1978 ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àbójútó gómìnà, tí ìwé àṣẹ sì ti gba ipò tí ẹnu àgbà wà tẹ́lẹ̀. Ní kóòtù ìbílẹ̀, wọ́n ṣì ń gba ẹni tí kò bá fẹ́ fi Bíbélì tàbí Kùránì búra láyè láti fi irin búra, nítorí Ògún. Irin ṣeé gbé sórí tábìlì. Ilẹ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ wá sí kóòtù ṣì wà níbi tó wà, ìwé rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbé dání.