Francisco Toledo àti Àwọn Ẹranko Juchitán

Tí àwọn lámèyítọ́ bá ti dẹ́nu lé ọ̀rọ̀ Francisco Toledo, ayàwòrán ará Mẹ́síkò tó kú ní 2019, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń dárúkọ idán, àlá àti iwin. Mo mọ ohun tó fà á. Nínú àwòrán rẹ̀, ènìyàn a máa gbé awọ ẹranko wọ̀, ẹranko a máa bá ènìyàn lò pọ̀, tata a sì bà síbi tí a kò ti retí rẹ̀. Síbẹ̀, lójú tèmi, ohun tí ojú Toledo rí ládùúgbò ló ń yà.

Ọmọ ẹ̀yà Zapotec ni. Juchitán, ní ìpínlẹ̀ Oaxaca ní gúúsù Mẹ́síkò, ni orírun ìdílé rẹ̀. Níbẹ̀, iguana, afàyàfà tó fara jọ alégbà, ọjà ni wọ́n ń gbé e lọ, ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi í sè. Ní 1979, Toledo pe Graciela Iturbide, ayafọ́tò, wá sí Juchitán. Ọjà ibẹ̀ ni Iturbide ti ya obìnrin kan tó ru iguana láàyè, tí wọ́n gbórí sókè lórí rẹ̀ bí adé. Ẹni tí kò mọ̀dí yóò ní Toledo ló ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ. Ìyá ọlọ́jà tó ru ọjà rẹ̀ ni o! Àwọn Zapotec tún ní àlọ́ Ehoro àti coyote, ajá igbó ilẹ̀ wọn, tí Ehoro máa ń fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ mú; Toledo yàwòrán sí i. (Ẹni tó gbọ́ àlọ́ Ìjàpá dàgbà kò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀.)

Ọwọ́ rẹ̀ náà ń jẹ́rìí. Ó gbé Paris fún ọdún bíi márùn-ún láti 1960, ó sì mọ iṣẹ́ àwòrán títẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n yanrìn ló ń pò mọ́ ọ̀dà nígbà tó bá ń kun aṣọ àwòrán. Ojú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í dán. Ó máa ń rí ṣákaṣàka bí awọ ọ̀pọ̀lọ́. Àwọ̀ erùpẹ̀, àwọ̀ eérú, pupa rúsúrúsú: o kò ní mọ ibi tí ara ẹranko parí sí tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1983 ó yàwòrán sí ìwé Manual de zoología fantástica ti òǹkọ̀wé Jorge Luis Borges. Ibẹ̀ ló yẹ kí àríyànjiyàn mi ti dojú dé, nítorí ẹranko àròsọ Gíríìsì, Ṣáínà àti ibòmíràn ló kún inú ìwé náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dé ọwọ́ Toledo ni wọ́n di ọmọ ìlú: wọ́n ní èékánná, ilẹ̀ Oaxaca sì rọ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀.

N kò ní torí ìfẹ́ bo àléébù rẹ̀. Nígbà tó yá, tata pọ̀ lápọ̀jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, àwọn kan sì ti di àmì lásán. Èyí kò dín iyì àwọn àwòrán oníyanrìn kù. Àwọn ni mo kà sí olórí iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó wò wọ́n, ẹ kọ́kọ́ wá fọ́tò Iturbide yẹn wò.