Àsọdùn Inú Fọ́tò: Àríwísí Lórí Àwòrán Lupita Nyong'o

Gbogbo àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá ni a mọ àsọdùn gẹ́gẹ́ bí ọnà èdè. Bí akéwì bá ní ọba rìn, ilẹ̀ mì tìtì, kò sí ẹni tí yóò lọ wo ilẹ̀ bóyá ó là. Olùgbọ́ mọ̀ pé oríkì ni òun ń gbọ́. Ìmọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí àsọdùn di irọ́. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé àwòrán gbajúmọ̀ tí a fi kọ̀ǹpútà tún ṣe jẹ́ àsọdùn tí ó fi ara pamọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu rẹ̀ wà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ìwé ìròyìn Grazia ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àwòrán Lupita Nyong'o sí ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀. Òṣèré ọmọ Kẹ́ńyà ni, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar ní ọdún 2014. Wọ́n pa irun tí ó kó jọ sẹ́yìn orí rẹ́, wọ́n sì mú èyí tí ó kù jọ̀lọ̀. Nyong'o fúnra rẹ̀ ni ó gbé ojúlówó àwòrán náà jáde kí ayé lè rí ìyàtọ̀. Olùyàwòrán tọrọ àforíjì, ìwé ìròyìn náà sì tọrọ tirẹ̀.

Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, a ó rí i pé àsọdùn akéwì a máa fi kún iyì ẹni. Ìyọkúrò ni ti àwòrán yìí. Ohun tí wọ́n yọ kì í ṣe àbùkù, irun bí ó ti hù lórí obìnrin náà ni. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní kíláàsì wa kọ ọ́ sínú àròkọ pé irun òun 'kò tíì di irun gidi'. Irú àwòrán báyìí ló ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé títún fọ́tò ṣe kò ṣàjèjì sí wa. Òótọ́ ni. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague ṣàkọsílẹ̀ bí àwọn olùyàwòrán Ìlá-Ọ̀ràngún ṣe máa ń tẹ àwòrán ìbejì tí ó kù láyé lẹ́ẹ̀mejì, kí ó lè dà bí ẹni pé òun àti èkejì rẹ̀ tí ó ti kú jọ jókòó. Ṣùgbọ́n ẹbí mọ̀. Àwọn ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2017 ni òfin Faransé ti pàṣẹ pé kí a kọ ọ́ sára fọ́tò ìpolówó bí a bá mú ara ẹni inú rẹ̀ tín-ín-rín tàbí tí a mú un sanra. Òfin náà kò kan irun, kò sì kan ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn. Nítorí náà, ọwọ́ àwa olùkọ́ ni iṣẹ́ kù sí.

Nígbà tí a bá ń kọ́ àsọdùn, ẹ jẹ́ kí a gbé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ oríkì, kí a sì bi àwọn ọmọ pé: kí ni wọ́n fi kún un, kí ni wọ́n yọ, ta ni ó sì mọ̀? Ẹ̀yin olùṣètò ìdánwò náà lè fi ìbéèrè kẹta yẹn sínú ìwé ìdánwò.