Òkò Jíjù nínú Ìwé Galileo: Àyẹ̀wò Ọjọ́ Kẹrin

Ọjọ́ mẹ́rin ni Galileo Galilei pín ìwé rẹ̀ lórí ìmọ̀ tuntun méjì sí, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Leiden ní ọdún 1638. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n ń jíròrò nínú rẹ̀: Salviati, Sagredo àti Simplicio. Ọjọ́ kẹrin, tí ó dá lórí òkò tí a jù, ni a óò gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí ó kan iṣẹ́ àwa tí a fẹ́ kí ẹ̀kọ́ físíìsì wọ inú èdè Yorùbá-Nàgó.

Ohun tí Galileo fi hàn ni pé òkò tí a jù síwájú ń rin ìrìn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń lọ, ìyára lílọ rẹ̀ kò sì yí padà. Ó ń já bọ́, jíjábọ́ rẹ̀ sì ń yára sí i. Ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́. Àpapọ̀ àwọn méjèèjì ni ó ń mú ọ̀nà òkò náà tẹ̀ ní ìrísí tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní parabola.

Ibí yìí ni ó yẹ kí onímọ̀ èdè ti dá sí ọ̀rọ̀. Nígbà tí a bá sọ pé 'òkò náà lọ já bọ́ sínú oko', a to ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ lé ara wọn láìsí ọ̀rọ̀ àsopọ̀, olùgbọ́ sì ń gbọ́ ọ bí ẹni pé lílọ parí kí jíjábọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù ṣe rò ó kí Galileo tó dé: òkò a máa lọ tààrà títí ipá tí ọwọ́ fi sí i yóò fi tán, nígbà náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́. Èdè wa kò jẹ̀bi (àwọn tí ń fi Látìn kọ̀wé pàápàá ṣì í), ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ yan gbólóhùn mìíràn: 'bí ó ti ń lọ ni ó ń já bọ́'.

Àlébù ìwé náà, lójú tèmi, wà níbi èdè. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jíròrò ní èdè Ítálì, ṣùgbọ́n bí ó bá kan àbá àti ẹ̀rí, Látìn ni Salviati ń kà sí wọn létí. Bákan náà ni olùkọ́ tí ó fi Nàgó ṣàlàyé tán, tí ó wá bọ́ sí Faransé nígbà tí ìṣirò dé. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbà pé ti òun ni ìtàn, ti ẹlòmíràn ni ìṣirò.

Kò sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ká ní a dúró lórí òkè tí ó ga ní mítà 20, tí a ju òkúta síwájú tààrà, láìgbé e sókè, láìrẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí ó máa lọ ní mítà 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ fi lílọ sílẹ̀, kí ẹ wo jíjábọ́ nìkan. Ní ìṣẹ́jú-àáyá kìíní, òkúta já bọ́ ní nǹkan bí mítà 5. Ní èkejì, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, mítà 15, gẹ́gẹ́ bí òfin 1, 3, 5, 7 tí Galileo ti gbé kalẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Mítà 20 pé: òkúta balẹ̀. Ẹ wá padà sí lílọ: mítà 15 lẹ́ẹ̀mejì jẹ́ mítà 30. A kò yà sí Faransé rárá.

Ohun tí mo fẹ́ kí a yá lò nínú ìwé náà ni Simplicio. Òun ni ó ń jiyàn. Ó ní afẹ́fẹ́ yóò dí òkò lọ́wọ́. Salviati sì gbà fún un kí ó tó ṣàlàyé ìdí tí a fi lè fojú fò ó. Ìwé ẹ̀kọ́ tí kò bá ní ẹni tí ń jiyàn bẹ́ẹ̀ yóò sọ mítà 30 di òfin. Bí ó bá jẹ́ ewé ni a jù láti orí òkè yẹn ńkọ́?