Fíìmù "Io Capitano": Èwo Ni Òótọ́ Nínú Aṣálẹ̀ Rẹ̀?

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín ti ń bi wá léèrè ohun tí a rò nípa àwọn fíìmù tí ènìyàn ti máa ń ṣìnà sínú aginjù, tí ebi àti òùngbẹ á fẹ́ pa á, tí yóò sì yè é. Èyí tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí kì í ṣe ti òyìnbó tí ẹranko ń lé kiri nínú yìnyín. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ adúláwọ̀ ni, lójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ tiwa náà ń gbà.

Matteo Garrone, ará Ítálì, ni ó darí "Io Capitano". Ní 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn ní Venice, wọ́n sì fún Garrone ní ẹ̀bùn olùdarí tí ó dára jù. Ọmọkùnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ìbátan, Seydou àti Moussa, ni wọ́n yọ́ kúrò ní Dakar. Wọ́n gba Mali dé Agadez ní Nìjẹ̀r, wọ́n sì forí lé Líbíà la aṣálẹ̀ kọjá. Nígbẹ̀yìn, Seydou tí kò tukọ̀ rí ni wọ́n ní kí ó tukọ̀ kó èrò lọ sí Ítálì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yìn ín. Èdè Wolof ni àwọn ọmọ náà ń sọ, kì í ṣe èdè òyìnbó tí a fi tipá tì sí wọn lẹ́nu. Garrone kò sì fún àwọn ọ̀dọ́ òṣèré náà ní ìwé eré kà. Ohun tí wọn yóò ṣe lóòjọ́ ni ó ń sọ fún wọn, kí àwọn fúnra wọn má baà mọ̀ bóyá àwọn yóò gúnlẹ̀. Ìdí nìyí tí ìbẹ̀rù ojú Seydou kò fi jọ ìbẹ̀rù àkọ́sórí.

Àwa tí a dàgbà sí ẹ̀bá igbó kì í tètè mọ ohun tí aṣálẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó bá sọnù nínú igbó J4 lọ́hùn-ún, níbi tí erin ṣì wà, yóò bá odò pàdé. Bí ó bá tẹ̀ lé odò náà, ó lè já sí abúlé. Nínú aṣálẹ̀ kò sí odò tí à ń tẹ̀ lé. Gáàrí tí àwọn arìnrìn-àjò ń dì sápò pàápàá, omi ni ó ń sọ ọ́ di oúnjẹ. (Gáàrí Ìjẹ̀bú, bí ó ti wù kí ó kan tó, yanrìn ni lẹ́nu ẹni tí itọ́ rẹ̀ ti gbẹ.) Ibí yìí ni fíìmù náà ti rẹ̀yìn díẹ̀ lójú wa. Yanrìn rẹ̀ lẹ́wà jù, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wò ó bí àwòrán ara ògiri. Ọjọ́ kan níbẹ̀ kò gùn tó.

Ohun kan wà tí àwọn kan bá wa jiyàn lé lórí. Obìnrin kan tí ó wọ aṣọ àwọ̀ ewé ṣubú lójú ọ̀nà, Seydou padà sí i, kò sì rí i gbà là. Lẹ́yìn èyí ni a rí obìnrin náà tí ó léfòó lójú òfuurufú, tí Seydou di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí wọ́n jọ ń lọ. Wọ́n ní ibẹ̀ ni òótọ́ ti tán. Àwa kò gbà. Ẹni tí ó bá wo "Aiyé" tí Hubert Ògúndé, ará Òsósà wa níhìn-ín, gbé jáde ní 1979 mọ̀ pé ohun tí ó ju agbára ènìyàn lọ kì í ṣe àjèjì nínú sinimá wa. Ṣùgbọ́n ti Ògúndé, agbára ń bá agbára jà ni. Obìnrin ti Garrone kò ní agbára kankan mọ́. Ọkàn Seydou, tí kò lè gbà pé òun fi í sílẹ̀, ni ó ń gbé e fò. Lójú tiwa, kò sí ibi tí ó jẹ́ òótọ́ tó ibẹ̀ nínú gbogbo eré náà.

Àléébù tí ó dùn wá jù ni pé ẹni tí yóò yè ni kámẹ́rà ń tẹ̀ lé. Ní oṣù kẹwàá 2013, òkú 92 ni wọ́n rí nínú aṣálẹ̀ Nìjẹ̀r, nítòsí ààlà Àlgéríà. Ọkọ̀ wọn bàjẹ́, òùngbẹ sì pa wọ́n. Ọmọdé 52, obìnrin 33, ọkùnrin 7. Lẹ́yìn òfin tí Nìjẹ̀r ṣe ní 2015 lòdì sí kíkó arìnrìn-àjò, tí wọ́n sì fagi lé ní oṣù kọkànlá 2023, àwọn awakọ̀ a máa yà kúrò lójú ọ̀nà tí kànga wà, nítorí ìbẹ̀rù ṣọ́jà. Ta ni yóò ya fíìmù irú àwọn wọ̀nyí? Ohun tí ojú àwọn ọmọbìnrin ń rí ní Líbíà pàápàá, ẹ̀gbẹ́ kan ni ó wà nínú eré yìí.

Nígbà tí a wò ó tán pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa díẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ní, "Àáfà, ẹ ṣáà rí i pé Seydou dé ibẹ̀." A sọ fún un pé ní Ítálì, wọn a máa mú ẹni tí ó bá tukọ̀ wọlé, wọn a sì fi ẹ̀sùn kàn án, àti pé fíìmù náà parí kí ọkọ̀ tó fẹsẹ̀ kan èbúté. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ọkùnrin tí ó já bọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ nínú aṣálẹ̀, tí awakọ̀ kò dúró dè. Ó ní kí ni orúkọ rẹ̀. A dá fíìmù náà padà sẹ́yìn, a tún wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀.