Àgbọn Inú Yàrá ní Lọ́ńdọ̀nù

Nínú gbogbo igi tí a lè gbìn sínú ìkòkò kí a sì gbé e sí yàrá ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, kò sí èyí tí ìtọ́jú rẹ̀ dùn mọ́ mi nínú tó ti àgbọn, ọlọ́lá etí òkun, arọ̀-dẹ̀dẹ̀-gbomi-sánmà, olójú-mẹ́ta-tí-kò-ríran. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí èyí tí àwọn ènìyàn ń ṣì mọ̀ tó o. Ọdún kìn-ín-ní ni ó ń tàn wọ́n jẹ. Igi ń yọ ewé, ó ń dán, ó ń ga, ẹni tí ó rà á ń pe ọ̀rẹ́ wá wò ó, kò sì mọ̀ pé èso tí ó jókòó lórí ilẹ̀ ìkòkò yẹn ni ń ṣe gbogbo iṣẹ́.

Bí a bá la irú èso bẹ́ẹ̀, omi tí gbogbo ayé ń sọ pé àwọn kò mọ bí ó ti ṣe wọ inú àgbọn, a óò rí i pé ó ti ń wá ọ̀nà àbájáde: ohun funfun kan, tí ó fúyẹ́ tí ó sì rọ̀ bíi kànrìnkàn, ti hù láti abẹ́ ojú kan ṣoṣo tí ó rọ̀ nínú ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ń mu omi náà, ó ń jẹ ara àgbọn díẹ̀díẹ̀, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí gbòǹgbò àti ewé. Àwọn ọmọ etí òkun mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ó dùn ún jẹ. Ṣùgbọ́n bí ọdún kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti kọjá, oúnjẹ abẹ́lé tán, igi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wojú olówó rẹ̀. Wọn a ní àgbọn àwọn kú lójijì. Kò kú lójijì o. Ebi ni ó pa á, ebi ìmọ́lẹ̀ ní pàtàkì.

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Igi oòrùn gangan ni a gbé wá sí ìlú tí ọ̀sán rẹ̀ kì í pé wákàtí 8 nígbà tí ó bá kúrú jù lọ ní oṣù Kejìlá. Nígbà tí àwọn òyìnbó fúnra wọn fẹ́ tọ́jú ìdílé ọ̀pẹ ní ọgbà ọ̀gbìn Kew, ilé ńlá onírin àti gíláàsì ni wọ́n kọ́ láti 1844 sí 1848, wọ́n ri àwọn àgbá ìgbomi-gbóná mọ́ abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gba abẹ́ ilẹ̀ gbé èéfín lọ jáde ní ilé gogoro kan lókèèrè. Èmi kò ní ju fèrèsé kan tí ó kọjú sí gúúsù lọ, àti iná kan tí mo fi ń ran oòrùn lọ́wọ́. Lọ́sàn-án, mo gbé ìkòkò súnmọ́ gíláàsì; bí ilẹ̀ bá ṣú, mo fà á sẹ́yìn, nítorí ìdàgbàsókè rẹ̀ a máa falẹ̀ bí yàrá bá tutù ju ìwọ̀n 20 Celsius lọ. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo ń bù fún un títí yóò fi máa ro nísàlẹ̀, n kì í sì í bo èso náà mọ́lẹ̀ tán.

Ní ilé, àwọn àgbà a máa bu iyọ̀ sí ihò kí wọ́n tó gbin àgbọn, wọn kò sì ṣe é lásán, nítorí kúlóráìnì inú iyọ̀ wà lára ohun tí igi náà ń jẹ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbalasa ní òjò tí ń fọ̀ ọ́; ìkòkò kò ní. N kì í fi iyọ̀ sí tèmi. Ajílẹ̀ olómi tí pòtásíọ́mù pọ̀ nínú rẹ̀ tó fún un, ní àkókò tí ó bá ń hu ewé.

Hítà ni ọ̀tá tí a ń fi owó wa bọ́. Bí ó ti ń lé òtútù ni ó ń gbẹ afẹ́fẹ́, inú gbígbẹ yẹn sì ni kòkòrò wínníwínní tí ń ta òwú sábẹ́ ewé ti ń rí ayé jẹ. Aṣọ tútù ni mo fi ń nu ewé, lókè àti nísàlẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mọ̀rìwò ni n kì í fọwọ́ kàn, torí orí kan ṣoṣo ni igi yìí ní, kò sí ẹ̀ka, ẹni tí ó bá sì gé e kí ó má baà ga jù ti pa á.

Ewé àkọ́yọ rẹ̀ kì í ya. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí àwọn ewé tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín sí tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti àgbà igi. Nígbà tí tèmi kọ́kọ́ ya, inú mi dùn dé ẹ̀yìn, àwọn ọmọ mi rò pé nǹkan kan ló fà á ya. Ní ti èso, ẹni tí ó bá bi mí pé ìgbà wo ni yóò so, ọ̀nà ọjà Peckham ni mo ń júwe fún un.