Àtúnsọ Àlọ́ Ilẹ̀ Ṣáínà Fún Àwọn Ọmọdé

Ẹnikẹ́ni tí ó bá dáwọ́ lé títún àlọ́ àwọn àgbà kọ fún àwọn ọmọdé, ọ̀gá méjì ni ó ń sìn: àlọ́ náà fúnra rẹ̀, àti ọmọ tí yóò kà á. Bí ó bá fi ti ọmọ nìkan ṣe, kò ní pẹ́ kí ó tó gé àlọ́ náà kúrú títí tí kò fi ní ní ìtumọ̀ mọ́. Bí ó bá sì fi ti àlọ́ nìkan ṣe, ọmọ yóò pa ìwé dé, yóò sì bá eré tirẹ̀ lọ. Àwọn àlọ́ ilẹ̀ Ṣáínà dára púpọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ ọ̀ràn yìí wò fínnífínní. Ìdí rẹ̀ ni pé ó ti pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń kọ àlọ́ wọn sílẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè gbé àkọsílẹ̀ àtijọ́ sí ọwọ́ kan, kí a gbé ìwé ọmọdé òde-òní sí ọwọ́ kejì, kí a sì rí ohun tí a yọ àti ohun tí a fi kún un. Mo fẹ́ kí a yẹ díẹ̀ wò nínú wọn, kí a lè mọ irú òmìnira tí ó tọ́ sí ẹni tí ń tún àlọ́ sọ, àti ibi tí òmìnira náà gbọdọ̀ dé dúró.

Èkíní ni àlọ́ Ye Xian. Duan Chengshi, ìjòyè àti akọ̀wé ní ìgbà ìjọba Tang, ẹni tí ó kú ní ọdún 863, ni ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Youyang Zazu. Ó sọ pé ẹnu ìránṣẹ́ ilé òun kan, Li Shiyuan, ọmọ ìhà gúúsù, ni òun ti gbọ́ ọ. Ó lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún lẹ́yìn náà kí Charles Perrault, ará Faransé, tó tẹ ìtàn Cinderella tirẹ̀ jáde ní ọdún 1697. Bàbá Ye Xian ní aya méjì. Ìyá ọmọ náà kú, bàbá náà sì tẹ̀ lé e, ni ọmọ bá bọ́ sí ọwọ́ orogún ìyá rẹ̀, ẹni tí ń fi ìyà jẹ ẹ́. Ẹja kékeré kan, alájẹ̀ẹ́ pupa, olójú wúrà, ni ọmọ yìí ń fi oúnjẹ díẹ̀ tí ó bá rí bọ́. Orogún ìyá rẹ̀ wọ aṣọ ọmọ náà, ó fi tan ẹja jáde, ó pa á, ó sì jẹ ẹ́. Ẹnì kan sọ̀kalẹ̀ láti ojú ọ̀run, ó fi ibi tí egungun ẹja wà han ọmọ náà, ó ní kí ó máa tọrọ ohun tí ó bá ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí aṣọ àti bàtà wúrà wọ lọ sí ibi àjọ̀dún. Bàtà kan jábọ́, ó dé ọwọ́ ọba erékùṣù kan, ọba sì wá oníbàtà rí, ó fi ṣe aya.

Ní ọdún 1982 ni Ai-Ling Louie tún àlọ́ yìí sọ ní Amẹ́ríkà, nínú ìwé tí ó pè ní Yeh-Shen. Ed Young, tí a bí ní ìlú Tianjin ní ọdún 1931, tí ó sì kú ní ọdún 2023, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó níláárí ni. Louie kò fi orísun àlọ́ náà pamọ́: ó fi ojú-ewé ìwé àtijọ́ náà gan-an síwájú ìtàn kí òǹkàwé lè rí i. Young pẹ̀lú mú kí ara ẹja náà máa fara hàn láti ojú-ewé dé ojú-ewé, àní lẹ́yìn tí a ti pa á tán, tí ọmọ fi lè rí i pé òkú kò fi alààyè sílẹ̀. Ẹni tí ó ṣe irú iṣẹ́ báyìí yẹ fún ìyìn.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìwé Louie dé dúró kọ́ ni àlọ́ Duan dúró sí. Nínú ìwé ọmọdé náà, ọba gbé ìyàwó, òkò tí ń fò láti ojú òfuurufú pa orogún ìyá àti ọmọ rẹ̀, ó sì parí. Nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́, òkò pa wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n àánú wọn ṣe àwọn ará ìlú. Wọ́n sin wọ́n, wọ́n sọ ibojì náà ní orúkọ tí ń tọ́ka sí àbámọ̀ àwọn obìnrin méjèèjì, wọ́n sì sọ ọ́ di ibi tí àwọn ọkùnrin ti ń tọrọ aya. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ wá kan ọba. Ojúkòkòrò wọ̀ ọ́. Fún ọdún kan ó ń tọrọ òkúta iyebíye lọ́wọ́ egungun ẹja náà láìní ìwọ̀n. Nígbà tí ó di ọdún kejì, egungun kò dá a lóhùn mọ́. Ó sin ín sí etí òkun pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ṣọ̀tẹ̀, tí ó fẹ́ hú ọrọ̀ náà fún ìnáwó ogun, ìgbì òkun gbé gbogbo rẹ̀ lọ ní alẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó sọnù níbẹ̀. Nínú àlọ́ àtijọ́, àwọn méjì ni ó jẹ ẹja náà: orogún ìyá jẹ ẹran rẹ̀, ọba sì jẹ egungun rẹ̀. Kò sí èyí tí ó bọ́ ọ nínú àwọn méjèèjì. Ye Xian nìkan ni ó bọ́ ọ nígbà tí òun pàápàá kò yó, òun nìkan ni ó sì rí ojú rere rẹ̀ láìsí ìbànújẹ́ lẹ́yìn. Àlọ́ nípa oore àti àwọn tí ń jẹ oore ni èyí jẹ́ nígbà náà. Bí a bá ti yọ ojúkòkòrò ọba kúrò, ọba di èrè lásán, àlọ́ sì di ti ọmọ tí ìyà jẹ títí ó fi rí ọkọ olówó. Bí a bá sì yọ àánú àwọn ará ìlú kúrò, ẹ̀san nìkan ni ó kù. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, nítorí pé ohun tí a yọ gan-an ni kò jẹ́ kí àlọ́ náà dà bí ti Perrault.

Ẹnì kan lè sọ pé Duan pàápàá, àtúnsọ ni ó ṣe, àti pé kò sí àlọ́ tí ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ àlọ́ lẹ́nu ìyá àgbà lè gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn lọ́la lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọmọ tí ó ní ìwé kan ṣoṣo, ohun tí ó wà nínú ìwé náà ni àlọ́ lójú rẹ̀. Nítorí náà ni ẹrù ẹni tí ń kọ̀wé fi wúwo ju ti ẹni tí ń fi ẹnu pa á lọ.

Èkejì ni àlọ́ ẹkùn tí ó sọ ara rẹ̀ di ìyá àgbà. Huang Zhijun, akọ̀wé ní ìgbà ìjọba Qing, kọ irú rẹ̀ kan sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sùn ní ilé ẹni tí wọ́n rò pé ó jẹ́ ìyá àgbà wọn. Ní òru, ọmọbìnrin gbọ́ tí ẹnu ń dún. Ó bi í pé kí ni ó ń jẹ. Ẹkùn ní èso gbígbẹ ni. Ọmọ ní ebi ń pa òun náà. Ẹkùn na ọ̀kan sí i, nígbà tí ó gbà á, ìka ọwọ́ ènìyàn ni, tí ó ti tutù. Kò pariwo. Ó wá ọgbọ́n jáde, ó gun igi, ó sì yè. Títí di òní ni àwọn ará Taiwan ń pa irú àlọ́ yìí.

Ed Young tún irú àlọ́ yìí sọ nínú Lon Po Po ní ọdún 1989, ìwé náà sì gba ẹ̀bùn Caldecott ní ọdún 1990. Níhìn-ín, ìkookò ni ó wá sí ilé àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta. Kò jẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Shang tí ó dàgbà jù fọwọ́ kan ìrù rẹ̀, ó fọwọ́ kan èékánná rẹ̀, ó fura, ó sì fi èso igi ginkgo tàn án jáde. Ìka ọwọ́ kò sí níbẹ̀. Ǹjẹ́ Young ba àlọ́ náà jẹ́ bí? N kò rò bẹ́ẹ̀. Òpó àlọ́ yìí ni ọmọ tí ó mọ òtítọ́ nínú òkùnkùn tí kò sì jẹ́ kí ọ̀tá mọ̀ pé òun ti mọ̀. Young yọ ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi òkùnkùn sílẹ̀. Àwòrán rẹ̀ kún fún ojú ìkookò àti òjìji, ìbẹ̀rù sì wà níbẹ̀ ní kíkún. Ó gé ẹ̀ka, kò fọwọ́ kan gbòǹgbò.

Èyí mú wa dé ibi tí ó ṣòro jù. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni ó gbà pé ẹ̀jẹ̀ àti ikú ni ó yẹ kí a máa yọ kúrò nínú àlọ́ ọmọdé, àti pé ohun tí kò bá ti ní ẹ̀jẹ̀ kò lè pa ọmọ lára. Lu Xun, ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé ńlá ilẹ̀ Ṣáínà, fi hàn ní ọdún 1926 pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé kan wà tí a ti ń fún àwọn ọmọdé ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí ó ní ìtàn àwọn ọmọ 24 tí wọ́n bọlá fún òbí wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Guo Ju, tálákà tí ó rí i pé ìyá òun ń pín oúnjẹ rẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí ó sì pinnu láti sin ọmọ náà láàyè, nítorí pé a lè bí ọmọ mìíràn, ṣùgbọ́n a kò lè rí ìyá mìíràn. Bí ó ti ń gbẹ́ ilẹ̀ ni ó kan ìkòkò wúrà, ọmọ sì yè. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò ta sílẹ̀. Síbẹ̀, Lu Xun sọ pé nígbà tí òun ka ìtàn náà ní kékeré, ẹ̀rù kí bàbá òun má di ọmọ rere bíi Guo Ju ni ó bà òun, àti pé láti ìgbà náà ni òun kò ti fẹ́ gbọ́ kí àwọn òbí òun máa sọ̀rọ̀ àìlówó.

Mo gbà pé nínú ẹ̀rí yìí ni òṣùwọ̀n tí à ń wá wà. Kì í ṣe ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń mọ àlọ́ tí ó tọ́ sí ọmọ. Ẹ̀yìn ẹni tí àlọ́ náà wà ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Àlọ́ ẹkùn burú létí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọmọ ni ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìtàn Guo Ju parí sí wúrà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹni tí ó mú ọkọ́ lọ́wọ́ ni ó wà, ọmọ sì mọ̀. Kò sí bí a ti lè ṣe àtúnṣe èyí nípa pípa ọ̀rọ̀ líle rẹ̀ dà. Kí á fi í sílẹ̀ fún àwọn àgbà láti jiyàn lé lórí ni ó dára.

Ó ku ẹ̀yà kan tí ó burú ju gígé lọ, èyíinì ni kí a fi ohun tí kì í ṣe ti ènìyàn kan pè é ní tirẹ̀. Ní ọdún 1968, Arlene Mosel tẹ Tikki Tikki Tembo jáde ní Amẹ́ríkà. Ìwé náà sọ fún àwọn ọmọdé pé àwọn ará Ṣáínà a máa sọ àkọ́bí wọn ní orúkọ gígùn, wọn a sì máa sọ ọmọ kejì ní orúkọ kúkúrú tí kò ní láárí. Irú àṣà bẹ́ẹ̀ kò sí, orúkọ gígùn tí ó wà nínú ìwé náà kì í sì í ṣe èdè Ṣáínà. Ìtàn náà jọ àwàdà kan tí àwọn ará Japan ń pa, tí ń jẹ́ Jugemu. Bẹ́ẹ̀ náà ni The Five Chinese Brothers, tí Claire Huchet Bishop kọ ní ọdún 1938, ya àwọn ènìyàn rẹ̀ bí ẹni pé ojú kan ṣoṣo ni gbogbo ará Ṣáínà ní. Àwọn ìwé méjèèjì dùn ún kà sókè fún ọmọ, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi pẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́. Ṣùgbọ́n adùn kò sọ irọ́ di òtítọ́. Ọmọ tí ó ti fi àwọn ènìyàn kan rẹ́rìn-ín kí ó tó mọ̀ wọ́n, yóò pẹ́ kí ó tó lè mọ̀ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, nítorí pé a ń tẹ àlọ́ tiwa náà sínú ìwé fún ilé-ẹ̀kọ́, a sì ní ìtàn orogún àti ti ọmọ aláìníyàá tí ó tó tí a ó fi mọ ohun tí Ye Xian fojú rí láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ṣe àlàyé rẹ̀ fún wa. Bí olùkọ́ bá fẹ́ gé àlọ́ kúrú, kò burú, kí ó kọ́kọ́ wá òpó rẹ̀ rí. Bí ó bá sì gba àlọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ó sọ ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Duan Chengshi, pẹ̀lú ipò ìjòyè rẹ̀, dárúkọ ìránṣẹ́ tí ó pa àlọ́ fún un. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ Li Shiyuan títí di òní.